Ẹ̀yin Tí Wọ́n Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fi Sídìí Ìwé Àtijọ́

Mo gbọ́ pé inú àwọn kan nínú yín kò fi bẹ́ẹ̀ dùn nígbà tí wọ́n rí ibi tí wọ́n fi wọ́n sí. Wọ́n rò pé iwájú láíbìrì làwọn máa wà, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń yá ìwé, tí ọ̀gá àgbà ti ń rí èèyàn. Wọ́n wá bá ara wọn nínú yàrá ẹ̀yìn, nídìí àkójọ àkànṣe, láàárín ìwé tó ti pọ́n, tó ti gbó, àti páálí tí ẹnikẹ́ni kò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ má bọkàn jẹ́. Nínú gbogbo láíbìrì yunifásítì, yàrá yẹn ni ohun tí owó kò lè rà padà wà. Bí ìwé físíìsì bá sọnù lórí pẹpẹ, ẹ ó kọ̀wé sí ẹni tó ń tà á, á fi òmíràn ránṣẹ́. Lẹ́tà tí Herbert Macaulay, olóṣèlú Èkó, fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ta lẹ máa kọ̀wé sí pé kó fi òmíràn ránṣẹ́?

Iṣẹ́ yìí kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹni ẹ̀yìn. Felicia Adetowun Ogunsheye, obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà, ìmọ̀ iṣẹ́ láíbìrì ló fi dé ipò náà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Òun náà ló dá láíbìrì àwọn ọmọdé tó wà ní Abadina sílẹ̀ nínú ọgbà yunifásítì ọ̀hún. Ẹni tó bá ní kí ẹ wá iṣẹ́ gidi ṣe, ẹ fi orúkọ ìyá yìí dá a lóhùn.

Ìdí irú àkójọ yìí ni mo lo ìgbà iṣẹ́ mi sí kí n tó fẹ̀yìntì, ohun kan sì ni mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi ju gbogbo ìyókù lọ. Ikán ń jẹ ìwé, omi ń ba ìwé jẹ́, olè ń jí ìwé. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ohun tó ń mú ìwé sọnù jù ni pé ẹni tó mọ ibi tó wà kò kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó lọ. Ìwé wà nínú páálí, páálí wà lórí pẹpẹ, àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, síbẹ̀ ìwé ti sọnù, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ẹni náà sì ti gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ó ti lọ sílé. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá béèrè, òṣìṣẹ́ tuntun á ní kò sí. Kò purọ́. Kò mọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n mú Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ibẹ̀ ni irú iṣẹ́ yìí ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ nílẹ̀ wa. Nígbà tí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ní Ẹlẹ́yẹlé, nínú ilé tí àwọn ológun ti fi ṣe ilé ìwòsàn rí, John Harris tó ti New Zealand wá ni wọ́n fi ṣe olórí láíbìrì. Ìwé Henry Carr wà lára ohun tí wọ́n fi pilẹ̀ rẹ̀. Ọmọ Èkó ni Carr, ọ̀gá ni nínú ètò ẹ̀kọ́ nígbà ìjọba òyìnbó, ó sì ṣe Résídẹ́ǹtì Èkó pẹ̀lú. Ìwé ló ń rà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Nígbà tó kú ní 1945, ìjọba ra ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé náà lódindi, wọn kò jẹ́ kó fọ́n ká. Nígbà tó di 1950, òfin jáde pé ẹni tó bá tẹ ìwé ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí láíbìrì náà. Òfin yẹn ló jẹ́ kí ìwé pẹlẹbẹ, ìwé àdúrà, ìwé ìtàn ìlú tí tíṣà kan tẹ̀ nílé ìtẹ̀wé kékeré, kó ara wọn jọ síbi kan. Ìwé tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ kò ní ẹ̀dà rẹ̀ nílé mọ́, ẹ lè bá a níbẹ̀.

Ọkùnrin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe láíbìrì náà lónìí, Kenneth Onwuka Dike, ọmọ Awka, òpìtàn ni. Láti 1951 ló ti ń lọ láti ọ́fíìsì ìjọba kan sí òmíràn, ó ń wo ipò tí ìwé àtijọ́ wà. Ìjábọ̀ tó kọ ní 1954 wà lára ohun tó bí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní National Archives, èyí tí ilé rẹ̀ ti Ìbàdàn wà nínú ọgbà yunifásítì títí dòní. Ẹ wo bó ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Kò kọ́kọ́ bèèrè ilé. Ó kọ́kọ́ lọ wo ohun tó wà, ó kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ló tó sọ pé kí wọ́n kọ́lé. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá láíbìrì lónìí ló ń bèèrè ilé tuntun àti ẹ̀rọ tuntun nígbà tí wọn kò tíì mọ iye páálí tó wà nílẹ̀.

Nínú láíbìrì yìí kan náà ni ìwé Herbert Macaulay wà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀ràn Èṣùgbàyí Elékòó, ọba Èkó tí Macaulay jà fún, ṣe le tó, láti ìgbà tí ìjọba yọ ọ́ lóyè ní 1925 tí wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́, títí ó fi padà wọ Èkó ní 1931, kò lè fo àwọn ìwé yẹn dá. Ìwé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti náà wà níbẹ̀, ìwé ẹgbẹ́ obìnrin Abẹ́òkúta tó ṣe olórí rẹ̀, tó jà nítorí owó orí títí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin tó ṣe ìwọ́de nígbà náà kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà. Ọjà ni wọ́n ń ná. Bí kì í bá ṣe pé ẹnì kan tọ́jú ìwé ẹgbẹ́, ẹjọ́ tí ìjọba rò nìkan là bá máa kà, a kì bá tí gbọ́ tẹnu wọn.

Ohun kan tún wà tó wù mí púpọ̀ nínú àkójọ yẹn. Macaulay àti Henry Carr kò fẹ́ràn ara wọn rárá. Ní 1924 Macaulay tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde láti fi sọ pé Carr gbọ́dọ̀ lọ, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì gbóná. Lónìí, ìwé àwọn méjèèjì ń gbé abẹ́ òrùlé kan náà. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bí ẹbí olóṣèlú tí ẹ kò fẹ́ràn bá gbé ìwé rẹ̀ wá, ẹ gbà á pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kan náà tí ẹ ó fi gba ti ẹni tí ẹ fẹ́ràn. Ẹ má yọ lẹ́tà kankan nínú rẹ̀ nítorí pé ó tàbùkù ìlú yín, tàbí ìjọ yín, tàbí yunifásítì pàápàá. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló máa dájọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn àtijọ́ gba sùúrù. Láàárín 1922 sí 1928, Eko Akete, Eleti Ofe, Yoruba News ti Ìbàdàn, àti Akede Eko ti I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, Yorùbá sì ń ṣàn nínú wọn bí odò. Inú Akede Eko ni Thomas ti tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde ní lẹ́tà lẹ́tà, láti 1929 wọ 1930, kó tó di ìwé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló kà á sí ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́. Ẹni tó ra ìwé ìròyìn nígbà náà kà á tán, ó sì fi di ẹ̀pà. Nítorí àwọn ẹ̀dà díẹ̀ tí wọ́n tọ́jú ni onímọ̀ Karin Barber fi rí ohun tó tún tẹ̀ jáde ní 2012, pẹ̀lú àlàyé tó kún fọ́fọ́, tí àwọn ọmọ yín lè kà lónìí.

Ìwé olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi ń tẹ ìwé ìròyìn. Igi lílọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, ásíìdì tó wà nínú rẹ̀ ló sì ń jẹ ẹ́ láti inú wá. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, á pọ́n, á sì gan. Ojú ibi tí wọ́n ti ká a ló máa ń kọ́kọ́ já. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ṣí i, ẹ fọ ọwọ́ yín, kó gbẹ dáadáa. Ẹ má fi itọ́ sí ìka. Ẹ tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì tó fẹ̀ jù ú lọ, kí etí kan má ṣe rọ̀ sílẹ̀. Ẹ wá páálí tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́, kí ẹ rọra tì í bọ abẹ́ ojú ìwé tí ẹ fẹ́ ṣí, títí yóò fi gbé gbogbo rẹ̀ ró, kí ẹ tó yí i. Bí ẹ bá di igun kan mú pẹ́rẹ́ tí ẹ fà á, igun yẹn náà ló máa kù sí yín lọ́wọ́. Bí èérún ìwé bá já bọ́ sórí tábìlì, ẹ má gbá a dànù. Ẹ kó o sínú àpò ìwé kékeré, kí ẹ kọ ọjọ́ ìwé ìròyìn náà àti ojú ewé sí i. Lẹ́tà mẹ́ta tó wà lórí èérún yẹn lè jẹ́ orúkọ ẹnì kan.

Sẹ́lótéèpù kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá yẹn. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ á pọ́n, á wọnú ìwé, kò sì ní í jáde mọ́. Píìnì àti kílíìpù onírin, ẹ rọra yọ wọ́n kúrò, nítorí ìpẹtà. Pẹ́ńsù nìkan ni kí òǹkàwé mú wọlé.

Ní ti ilé, àwọn tó ya àwòrán láíbìrì Ìbàdàn, Maxwell Fry àti Jane Drew, mọ ooru ilẹ̀ wa. Wọ́n dá ihò sára ògiri kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé kó máa jáde. Lẹ́yìn wọn, ọ̀pọ̀ láíbìrì ti dí fèrèsé pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. Bí iná bá wà, ó dára. Bí iná bá lọ ní òpin ọ̀sẹ̀, tí kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀, ọ̀rinrin á gòkè nínú ilé tí kò ní ihò, nígbà tí ẹ bá sì fi máa dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, èbu ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìwé. Tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá 65 nínú 100, tó sì dúró bẹ́ẹ̀, èbu ti rí àyè. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin kò wọ́n lọ títí. Ẹ rà á, àní bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa dáwó jọ, kí ẹ gbé e kọ́, kí ẹ máa kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Tí ẹ bá gbé ìwé àkọsílẹ̀ yẹn síwájú ọ̀gá àgbà lẹ́yìn òjò ọdún kan, ọ̀rọ̀ yín á ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ ju kí ẹ kàn máa ráhùn pé ìwé ń bàjẹ́.

Ọjọ́ tí ẹbí olóògbé bá gbé ìwé wá ni ọjọ́ tó ṣe pàtàkì jù lẹ́nu iṣẹ́ yín. Báàgì Ghana-must-go ni wọ́n sábà máa ń kó o sí, ìyàwó tàbí àkọ́bí olóògbé ló sì máa tẹ̀ lé e wá. Ẹ dìde kí wọn. Ẹ kí wọn kú ìrọ́jú. Ẹ wá àga fún wọn kí ẹ tó sọ ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù. Ọ̀fọ̀ ni wọ́n ń ṣe, ohun tí wọ́n sì gbé wá fún yín yìí, ọ̀wọ́n ni lójú wọn. Lẹ́yìn náà kí ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé tó sọ kedere pé wọ́n ti fi í fún láíbìrì, ta ló lè kà á, àti bóyá apá kan wà tí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí títí di àkókò kan. Láìsí ìwé yẹn, ọmọ ìyá olóògbé lè dé láti ìlú òyìnbó lọ́dún tó ń bọ̀, kó ní òun kò gbà.

Ẹ má ṣe tú ohun tó wà nínú báàgì náà ká láti tò ó bí ẹ ṣe fẹ́. Bí olóògbé ṣe tò ó, ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà tó kì bọ àárín ìwé ìṣirò owó ilé, ó lè jẹ́ pé ìdí owó yẹn ni lẹ́tà náà ń sọ. Kí ẹ tó gbé ohunkóhun kúrò lójú kan, ẹ ka iye rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà lọ́jọ́ yẹn gan-an: ọjọ́ tó dé, ẹni tó gbé e wá, iye páálí, ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ṣókí. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé á ní ẹ fẹ́ ṣe kátálọ́ọ̀gì tó péye. Ẹ ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ìlà mẹ́rin nínú rẹ́jísítà lónìí sàn ju kátálọ́ọ̀gì tó péye tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀ tí ẹ kò ní í parí.

Fọ́tò ló máa ń dùn mí jù. Ẹ ó rí àwòrán àwọn ọkùnrin mẹ́jọ nínú agbádá, wọ́n jókòó níwájú ilé kan, kò sí orúkọ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá tó gbé e wá mọ gbogbo wọn. Ó mọ èyí tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀, ó mọ èyí tó kú ní Kánò, ó mọ ilé ẹni tí wọ́n ń ṣí. Bí ìyá náà bá jáde lẹ́nu ọ̀nà láìsọ fún yín, ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí ẹni tó máa dá wọn mọ̀ mọ́ láyé. Ẹ bẹ ìyá pé kó jókòó díẹ̀ sí i. Ẹ mú pẹ́ńsù, ẹ gbé fọ́tò síwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti apá òsì sí apá ọ̀tún, kí ẹ máa kọ orúkọ sórí àpò ìwé tí ẹ máa fi fọ́tò náà sí. Bó bá rẹ̀ ẹ́, ẹ bá a délé lọ́jọ́ mìíràn.

Nígbà míì ẹbí á fẹ́ fún yín ní ìwé tó mọ́ nìkan. Wọ́n á ní àwọn yòókù jẹ́ ìdọ̀tí, ìwé tí Bàbá fi ń gbìyànjú ọ̀rọ̀ wò. Ẹ sọ ìtàn Àlùfáà Samuel Johnson fún wọn. Ó parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù níbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láìrí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló padà sídìí àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, ìwé tí ẹbí mìíràn ì bá dáná sun, ó fi í tún gbogbo iṣẹ́ náà kọ. Nígbà tí wọ́n tún fi í ránṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ ojú omi tó gbé e, Appam, wọ́n wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Síbẹ̀ ìwé náà jáde ní 1921, lẹ́yìn tí Dókítà pàápàá ti kú. Gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ìtàn Ọ̀yọ́ lónìí ń jẹ lára ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn. Nítorí náà, ẹ gba ìdọ̀tí Bàbá pẹ̀lú ìwé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ láìfi bo. Ìwà kan wà nídìí irú àkójọ yìí tó ń bí mi nínú. Bí onímọ̀ láti òkè òkun bá dé, gbogbo ọ́fíìsì á dìde, wọ́n á gbé páálí jáde, wọ́n á wá fáànù fún un. Bí ọmọ ipele kejì bá dé láti ẹ̀ka ìtàn, wọ́n á bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, wọ́n á ní kó lọ gba lẹ́tà, bó bá mú lẹ́tà dé, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ kò sí nílé. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni. Ìwé baba ńlá rẹ̀ ló wá kà. Ẹ ṣọ́ ìwé lójú méjèèjì, nítorí àwọn kan wà tó ń fi bíléèdì gé ojú ìwé gbé lọ. Ẹ ka iye ojú ìwé kí ẹ tó gbé e fún un, ẹ kà á nígbà tó bá dá a padà, kí ẹ sì jókòó síbi tí ẹ ti lè rí ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí onímọ̀ òkè òkun náà jókòó síbẹ̀, kí ẹ ka ojú ìwé tirẹ̀ náà. Ẹ má sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kò sí láìjẹ́ pé ẹ ti dìde wá a.

Ní ti síkáànì, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, inú mi sì dùn sí i. Ohun tí mo rí ni pé àwọn kan á síkáànì ẹgbẹ̀rún ojú ìwé, wọ́n á sì fi sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí ẹ̀rọ fún un, nọ́ńbà lásán. Òkùnkùn tuntun nìyẹn. Ẹ fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àkójọ, nọ́ńbà páálí àti ọjọ́, ẹ fi ẹ̀dà kan sí ilé mìíràn, kí ẹ má sì ju ìwé gan-an dànù nítorí pé ẹ ti yà á. Ẹ má fi fóònù ya lẹ́tà olóògbé sórí Facebook nítorí pé ó pa yín lẹ́rìn-ín.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Yunifásítì Cape Town lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹrin, 2021. Iná tó bẹ̀rẹ̀ lórí òkè dé Jagger Library, níbi tí àkójọ àkànṣe ilẹ̀ Áfíríkà wọn wà, ó sì jó yàrá ìkàwé ńlá náà kanlẹ̀. Ilẹ̀kùn adènà iná tó wà níbẹ̀ kò jẹ́ kó jó gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n omi tí wọ́n fi pa iná rọ́ lọ sí yàrá ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló yọ̀ǹda ara wọn láti gbé páálí tó tutù jáde. Ìwé tó bá rin, ẹ ní ọjọ́ méjì péré kí èbu tó dé. Bí ẹ kò bá lè tẹ́ ẹ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ kó gbẹ, ẹ wá fíríìsà ńlá kó o sí títí ẹ ó fi rí àyè. Ẹ béèrè láti ọ̀sẹ̀ yìí: níbo ni swíìṣì iná wà? Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ lóru? Páálí wo lẹ máa kọ́kọ́ gbé? Bí ìdáhùn kò bá sí nínú ìwé, kò sí ìdáhùn.

Ó ku àwọn àgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Nínú láíbìrì kọ̀ọ̀kan, ẹ ó bá bàbá kan tàbí ìyá kan tí kò ní dìgírì, tó ń ti kẹ̀kẹ́ ìwé, tó ń nu pẹpẹ, tó sì mọ inú ilé náà ju gbogbo kátálọ́ọ̀gì lọ. Ó mọ páálí tí wọ́n gbé kúrò nígbà tí òrùlé ń jò, tí wọn kò dá padà. Ó mọ kọ́bọ́ọ̀dù tí kò sí nínú ìwé kankan. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ má pè é lórúkọ nítorí pé ipò yín ju tirẹ̀ lọ. Ẹ pè é ní Bàbá tàbí Mọ̀mọ́, kí ẹ ní kó mú yín rìn yí pẹpẹ ká, kí ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ohun tó bá sọ fún yín, nítorí tirẹ̀ ni ìmọ̀ náà.

Kí ẹ tó lọ sílé lọ́jọ́ Ẹtì yìí, ẹ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé ọ́fíìsì yín ẹni tó kàn láti fẹ̀yìntì àti oṣù tó máa lọ, kí ẹ sì gba àyè lọ́dọ̀ ọ̀gá yín láti máa jókòó tì í láti ọjọ́ Ajé.